Ta Ni A Lè Pè Ní Ọ̀rẹ́? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni a óò gbé yẹ̀wò ní ojú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé. Púpọ̀ nínú wọn jọ ara wọn, nítorí náà mo yan mẹ́fà tí ó lè ṣojú fún ìyókù, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú láì yí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ padà. N kò tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn nínú lẹ́tà wọ̀nyí lè jẹ́ òǹkàwé wa pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, mo lo ọdún mọ́kànlá ní ibi iṣẹ́ kan. Àwa mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí a kì í ya ara wa: a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀, a mọ orúkọ ọmọ ara wa, kò sì sí àwàdà tí a kì í bá ara wa dá. Nígbà tí mo kúrò lọ sí ibòmíràn, mo rò pé a óò ṣì máa gbúròó ara wa. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, kò sí ẹni tó béèrè mi nínú wọn. Ìyàwó mi ní wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni a tilẹ̀ ń pè ní ọ̀rẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyàwó yín sọ apá kan òótọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ̀nà àti ibi tí kò ti tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹnu ẹni tó la ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ nínú gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì tí a bí ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Kristi, kọ́ni pé ohun mẹ́ta ló máa ń mú kí ènìyàn fẹ́ràn ènìyàn. Èkíní ni àǹfààní: a fẹ́ràn ẹni náà nítorí ohun tí ọwọ́ wa ń tẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni adùn: a fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ara wa máa ń yá gágá nígbà tí a bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwà: a fẹ́ràn rẹ̀ nítorí irú ènìyàn tí ó jẹ́, a sì ń fẹ́ ire fún un nítorí òun fúnra rẹ̀, yálà ire náà kàn wá tàbí kò kàn wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé Aristotle kò pe oríṣi méjì àkọ́kọ́ ní èké. Ọ̀rẹ́ ni ó pè wọ́n, ó kàn ṣàlàyé pé wọn kì í tọ́jọ́, nítorí pé nígbà tí àǹfààní bá tán tàbí tí adùn bá lọ, okùn tó so wọ́n pọ̀ ti já nìyẹn. Nítorí náà ni n kò fi fẹ́ kí ẹ wo ọdún mọ́kànlá yẹn bí ẹni pé wọ́n tàn yín jẹ. Ẹ̀rín tí ẹ jọ rín kì í ṣe ayédèrú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré pọ̀ fún ogún ọdún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ọmọ náà kò ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó kó ẹ̀yin mẹ́rin jọ. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Leon Festinger, Stanley Schachter àti Kurt Back, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1950 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n ń gbé nínú àwọn ilé tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Massachusetts Institute of Technology ní Amẹ́ríkà pèsè fún wọn. Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan ẹni tí yóò jẹ́ aládùúgbò wọn. Ilé tó bá ṣófo ni wọ́n ń kó sí. Síbẹ̀, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan tiwọn ni wọ́n sábà máa ń yàn lọ́rẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀kùn bá sì ṣe ń jìnnà sí ara wọn ni ìṣọ̀rẹ́ ń dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ìsúnmọ́ra lásán ni ó ń bí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ yín ló ń kó yín jọ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú yín ń sa ipá kankan, nígbà tí iṣẹ́ náà sì kúrò láàárín, kò sí ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń wá ẹnìkejì lọ.

Aristotle tún fi ohun kan kún un tí mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí pé òun ni n óò fi wọn gbogbo lẹ́tà tó kù. Kò tó kí ẹnì kan fẹ́ ire fún ẹnìkejì. Ẹnìkejì náà gbọ́dọ̀ fẹ́ ire fún un padà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín àwọn nìyẹn. Ẹni tó ń fẹ́ ire fún ọmọnìkejì rẹ̀ nínú ọkàn láìjẹ́ kí ó mọ̀ jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n kò tí ì di ọ̀rẹ́ onítọ̀hún. Ẹ sọ fún mi pé kò sí ẹni tó béèrè yín. Ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹ̀yin béèrè ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà níbi tó wà, kí ó máa sọ fún aya tirẹ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni ẹ ti gbàgbé òun. Ẹ mú ẹni tí ẹ mọ ìṣòro rẹ̀ jù nínú wọn, ẹni tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni ọ̀rọ̀ kan báyìí ṣe yanjú, kí ẹ sì pè é láì ní kí ó ṣe ohunkóhun fún yín. Bí ó ṣe bá dáhùn ni yóò sọ irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́, àlàyé náà yóò sì dájú ju tèmi àti ti ìyàwó yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi ní ọ̀rẹ́ tó lé ní 2,000 lórí Facebook, ó sì máa ń fi wọ́n yangàn. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ènìyàn méjì péré ló wá wò ó. Ṣé ọ̀rẹ́ ni a lè pe àwọn tó kù?

ÌDÁHÙN: Rárá, ìyá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Facebook gbà kí ẹnì kan kó tó 5,000 ènìyàn jọ lábẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn àti àkókò ọmọ ènìyàn kò lè gba iye bẹ́ẹ̀. Robin Dunbar, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150 ni àwọn tí ẹnì kan lè bá ní àjọṣe tó ní láárí ní àkókò kan náà. Nínú wọn, nǹkan bí 15 ló lè súnmọ́ni dáadáa, nǹkan bí 5 péré ló sì jẹ́ ẹni tí a lè sá tọ̀ nígbà tí ìṣòro ńlá bá dé. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń bá a jiyàn lórí iye náà gan-an, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí ẹni tó sọ pé kò sí ààlà níbẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀rẹ́ tí a pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè di ọ̀rẹ́ tòótọ́. Ó lè dà bẹ́ẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá ń wá ire ara wọn tí wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi àwọn tí kò wá bú ọkọ yín. Ènìyàn méjì wá wò ó, ohun ńlá nìyẹn. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kí ó mọ iyì àwọn méjì náà, kí ó sì mọ ọjọ́ tí àwọn pẹ̀lú bá nílò àbẹ̀wò tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni mí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni mo máa ń pè é, èmi ni mo máa ń lọ kí i, èmi náà ni mo máa ń rántí ọjọ́ ìbí. Bí mo bá dákẹ́, ó lè tó oṣù méjì kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pàdé, inú rẹ̀ máa ń dùn gan-an, kò sì sí ohun tí kì í bá mi sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀ nítorí pé èmi nìkan ni mò ń ṣe ọ̀rẹ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tí ì fi í sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù fún ọ kì í ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 84 jáde. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, kí ó sì sọ bóyá àwọn wọ̀nyẹn yóò pe òun náà ní ọ̀rẹ́. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún díwọ̀n rẹ̀, 94 nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ ni wọ́n gbà pé yóò dárúkọ àwọn padà, ṣùgbọ́n 53 péré ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí a ṣe lè wà pẹ̀lú ènìyàn lójoojúmọ́ tí a kò ní mọ ipò tí ó fi wá sí lọ́kàn rẹ̀.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí kì í pe ènìyàn àti ẹni tí kò fẹ́ kí ènìyàn pe òun. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé inú rẹ̀ máa ń dùn, ó sì ń sọ tinú rẹ̀ fún ọ, èyí tí ẹni tó ń fi ọgbọ́n sá fún ènìyàn kì í ṣe. Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn yóò di ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn kan wà tí ìṣòro ilé kò jẹ́ kí wọ́n gbé orí sókè, àwọn kan sì wà tí ìwà wọn kàn rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Bí o bá ń ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pe ẹnìkejì, ohun tí kò tó nǹkan lò ń kà. Ohun tó yẹ kí o wò ni èyí: ṣé ó máa ń rántí ohun tí o sọ fún un nígbà tí ẹ pàdé kẹ́yìn? Nígbà tí nǹkan bá dé bá ọ tí ó sì gbọ́, ṣé ó máa ń dìde? Ṣé ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ, àbí tirẹ̀ nìkan ni ẹ máa ń sọ títí ẹ óò fi pínyà? Ìbéèrè ìkẹta yìí ni mo kà sí jù, nítorí pé ẹni tó ń lo etí rẹ láì yá ọ ní tirẹ̀, adùn ló ń wá.

Bí ìdáhùn rẹ sí àwọn ìbéèrè yìí bá dára, sọ fún un. Má dákẹ́ láti dán an wò, nítorí pé ẹni tí a ń dán wò láìmọ̀ kò lè yege ìdánwò tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe. Sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ó máa ń wù mí kí ìwọ náà pè mí nígbà mìíràn, nítorí pé nígbà tí o kò bá pè, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mi kò kàn ọ́." Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló ti tú ká nítorí gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde. Bí ó bá ṣàlàyé ara rẹ̀, gbà á, kí o sì jẹ́ kí ó kọjá. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ọ tí kò sì sí ohun tó yí padà fún oṣù pípẹ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣẹ nìyẹn. Nígbà náà, o lè máa kí i bí ojúlùmọ̀ rere, láìsí ìjà, kí o sì fi agbára tó kù fún ẹni tó ń wá ọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ń bá ẹnì kan ṣe ẹjọ́ lórí owó tó yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí n wá sọ ní ilé ẹjọ́ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó san owó náà padà. N kò sí níbẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé kò san án. Ọkùnrin yìí ló gbà mí sílé nígbà tí n kò rí ibi tí mo lè fi orí lé, kò sì fi ṣe ìrègún fún mi rí títí di òní. Ó wá ní bí n kò bá lè ṣe èyí fún òun, a kò ṣe ọ̀rẹ́ rí. N kò lè sùn mọ́.

ÌDÁHÙN: Lẹ́tà yín ni mo kà jù nínú gbogbo àwọn tó wọlé, nítorí pé ohun méjì tó dára ni ó ń bá ara wọn jà nínú yín, ìmoore àti òótọ́, ẹ kò sì fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn ṣubú.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 133 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n pa olóṣèlú kan ní Róòmù tí a ń pè ní Tiberius Gracchus, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn, Gaius Blossius, sọ pé ìfẹ́ tí òun ní sí Tiberius pọ̀ débi pé ohun gbogbo tí ó bá ti fẹ́ ni òun yóò ṣe. Wọ́n bi í pé bí ó bá ní kí ó lọ dáná sun tẹ́ńpìlì ńlá tó wà lórí òkè Capitol ńkọ́? Ó ní Tiberius kò lè fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láé, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ẹ, òun yóò ṣe é. Cicero, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé ará Róòmù, ló sọ ìtàn yìí ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi nígbà tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rẹ́, òfin tí ó sì là sílẹ̀ lórí rẹ̀ ni pé kí ọ̀rẹ́ má ṣe bẹ ọ̀rẹ́ ní ohun ìtìjú, bí wọ́n bá sì bẹ̀ wá, kí a má ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń yin Blossius, wọ́n ní irú ọ̀rẹ́ tó yẹ kí ènìyàn ní nìyẹn. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti pinnu pé ohunkóhun tí ọ̀rẹ́ òun bá fẹ́ ni òun yóò ṣe ti dẹ́kun láti máa bi ara rẹ̀ bóyá ohun náà yóò ṣe ọ̀rẹ́ náà ní ire. Ẹ fi ìwọ̀n tí a ti là sílẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹ̀rí èké lè gbé ẹ̀yin méjèèjì dé ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá sì gbè é, olówó náà ni ẹ jọ jí owó rẹ̀ kó, ọ̀rẹ́ yín yóò sì mọ̀ títí láé pé ẹ lè purọ́ lábẹ́ ìbúra. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ni yóò fi gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ní ti gbólóhùn tó sọ pé ẹ kò ṣe ọ̀rẹ́ rí, ẹ má jẹ́ kí ó wọ̀ yín lára. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó gbà yín sílé tí kò sì fi ṣe ìrègún láti ìgbà náà kì í ṣe ẹni tí ń fi oore ṣe òwò. Ìdààmú ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Gbèsè ìmoore tí ẹ jẹ ẹ́ kì í ṣe ohun kékeré, ó sì yẹ kí ẹ san án. Ẹ lọ bá a fúnra yín, ẹ má fi í rán ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò ní jẹ́rìí èké, kí ẹ má sì fi àwáwí kankan bò ó. Lẹ́yìn náà, kí ó tó dìde, ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe: ẹ lè bá a lọ sọ́dọ̀ olówó láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba owó náà díẹ̀díẹ̀, ẹ lè bá a wá agbẹjọ́rò tí yóò sọ òótọ́ fún un, bí agbára yín bá sì ká a, ẹ lè fi owó tiyín kún un. Ẹ bá a lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kí ẹ jókòó níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí yín.

Ó lè bínú kúrò lọ́dọ̀ yín, n kò ní parọ́ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Aristotle sọ pé bí ìwà ọ̀rẹ́ wa bá yí padà sí búburú, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ wá ni láti ràn án lọ́wọ́ kí ó lè padà sípò, gẹ́gẹ́ bí a ti lè ràn án lọ́wọ́ bí ó bá pàdánù ohun ìní, nítorí pé ìwà ju ohun ìní lọ. Ó ní bí ó bá di pé ẹni náà kò ṣeé tún ṣe mọ́ ni a tó lè yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà náà pàápàá, ó yẹ kí a ṣì máa ka ohun tí a ti jọ jẹ́ tẹ́lẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ yín kò tí ì dé ibẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Òun ti wá di ẹni ńlá, èmi sì wà níbi tí mo wà. Bí mo bá gbọ́ ìròyìn ayọ̀ rẹ̀, ẹnu mi máa ń kí i, ṣùgbọ́n inú mi máa ń bàjẹ́. Ṣé ọ̀tá rẹ̀ ni mo ti dà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kò dà á. Ọ̀tá kì í bẹ̀rù pé òun ti di ọ̀tá. Ìbànújẹ́ tí ẹ ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ara yín ló ń sọ fún yín: pé ohun kan wà tí ẹ fẹ́ tí ọwọ́ yín kò tí ì tẹ̀. Ibi tí ó ti lè di ìlara ni ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí ohun tirẹ̀ bàjẹ́, tàbí tí ẹ bá ń wá àléébù rẹ̀ kiri láàárín àwọn ẹlòmíràn. A máa ń sọ pé ìgbà ìṣòro ni a fi ń mọ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n mo ti wòye pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè bá ni sunkún tí wọn kò lè bá ni yọ̀, nítorí pé àánú kì í ná wa ní ipò tiwa. Ẹ máa lọ bá a yọ̀, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí inú yín bá mọ́ tónítóní kí ẹ tó lọ. Bí ọ̀nà bá sì là, ẹ sọ fún un pé nǹkan kò rọgbọ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí ó máa rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń sá fún òun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 72 ni mí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó kù jáde láyé. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti jọ ń bọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń kí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí kí mi, bí ẹni pé èmi kò pàdánù ohunkóhun. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ wá ọ̀rẹ́ mìíràn. Ṣé ènìyàn tún lè ní ọ̀rẹ́ tuntun ní irú ọjọ́ orí mi?

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú àtẹ̀yìnwá ọ̀rẹ́ yín. Kí n tó dáhùn ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kí n sọ pé òfò yín jẹ́ òfò gidi, àwọn tí kò kí yín kàn ṣàìmọ̀ ni. Michel de Montaigne, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀rẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Étienne de La Boétie. Ọdún bíi mẹ́rin ni wọ́n fi ṣọ̀rẹ́ kí La Boétie tó kú ní ọdún 1563. Montaigne lo nǹkan bí ọdún 29 sí i láyé, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó di olórí ìlú, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ tí òun ti pàdánù ọkùnrin náà ni òun kàn ń wọ́ ara òun kiri. Nígbà tí ó ń wá ìdí tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó rí sọ kò ju pé òun ni òun, èmi sì ni èmi. Bí ọdún mẹ́rin bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn, mélòó mélòó ni àádọ́ta ọdún.

Apá kan wà nínú ìgbésí ayé yín tí ọ̀rẹ́ yín nìkan ló mọ̀, apá kan sì wà nínú tirẹ̀ tí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bàbá, wọn kò mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà kí wọ́n tó bí wọn. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ẹ ó rí i pé ìgbà yẹn ni àwọn náà yóò mọ̀ pé ẹ̀yin pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ tuntun, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti fi rọ́pò ẹni tó lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í yá. Jeffrey Hall, olùkọ́ ní yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 lórí iye àkókò tó máa ń gba ènìyàn kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́. Ó rí i pé nǹkan bí wákàtí 50 ni ojúlùmọ̀ fi ń di ọ̀rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, nǹkan bí 90 ni ó fi ń di ọ̀rẹ́, ó sì máa ń ju 200 lọ kí ó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wákàtí tí a fi jọ ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ níye. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ yà sọ́tọ̀ láti fi jókòó ti ara wa, tí a fi ń tàkúrọ̀sọ, ni ó ń so ènìyàn pọ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ju àwọn ọ̀dọ́ lọ.

Mo sì fẹ́ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ nítorí ẹ̀mí yín. Ní ọdún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì ìwádìí 148 jọ, èyí tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní 300,000, wọ́n sì rí i pé nínú àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, àwọn tó ní àjọṣe tó dán mọ́rán pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ní àǹfààní láti wà láàyè tó fi ìdajì ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan ni wọ́n kà mọ́ ọn, wọ́n ka ìdílé àti ẹgbẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe wá àjèjì kiri. Ẹ ronú kan ọkùnrin kan tí ẹ ti mọ̀ lójú tipẹ́, tí ẹ máa ń kí tí ó sì máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó kọjá. Ẹ ní kí ó wá bá yín jókòó, nígbà tí ó bá sì fẹ́ máa lọ, ẹ bá a dá ọjọ́ mìíràn kí ó tó jáde, nítorí pé ibi ìpàdé kejì ni ọ̀pọ̀ irú nǹkan báyìí máa ń kú sí. Bí ẹ bá lè máa rí ara yín fún wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ óò ti kọjá wákàtí 200 nígbà tí ọdún bá fi máa yípo. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ sọ ìtàn ọ̀rẹ́ yín tó lọ fún òun náà.